Bí Kílọ́ọ̀ṣì Tuntun Bá Ń Dá Wàhálà Sílẹ̀ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Mẹkáníìkì

Bí kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ bá ń yọni lẹ́nu lẹ́yìn tí mẹkáníìkì ti pààrọ̀ rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ẹni tó ni ọkọ̀ ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, ohun tó sì kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu mẹkáníìkì ni pé kí wọ́n tún un sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Èrò méjèèjì lè tọ̀nà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àbùkù tó ń yọjú lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí lára dísìkì tuntun náà rárá: ó lè wà nínú ọ́ìlì tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì, ó lè wà lójú irin tí dísìkì ń fara tì, ó lè wà nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà de bóòtù, ó sì lè jẹ́ ohun kékeré kan tí wọ́n gbàgbé láti dá padà sí àyè rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àbùkù wọ̀nyí ṣeé dá mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn láìtíì tú bóòtù kan, bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà bá mọ ohun tó yẹ kó fiyè sí.

Ọ̀rọ̀ náà kan agbègbè Ìkẹjà àti Agége ní Èkó gan-an, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹrù ti ń wọlé tó sì ti ń jáde. Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá níbẹ̀, ilé ìpọntí Guinness sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, ọdún márùn-ún kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Láti òpópónà Ọba Akran àti Acme títí dé Ọgbà, Agídíńgbì àti Orẹ́gùn, ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ tí ń pín ọjà kì í dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni dáńfó àti kòrópẹ̀ ń du ojú ọ̀nà mọ́ wọn lọ́wọ́ láti Agége lọ sí Dópẹ̀mú, sí Ìjú àti sí Ìkẹjà. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé ló ń yí jíà fúnra wọn, tí ẹni tó ń wà wọ́n kò ní kílọ́ọ̀ṣì kankan láti tẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, oríṣi tí a ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀ ṣì pọ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Agége sì ń mú kí ẹsẹ̀ òsì dírẹ́bà wọn máa ṣiṣẹ́ ju ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ.

Iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ni láti so agbára ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ àpótí jíà, kí ó sì tú u nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnì ni irin ńlá róbótó kan wà tí wọ́n ń pè ní fúláíwíìlì, tí ó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnì nígbà gbogbo. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi bóòtù de irin onísípíríngì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pírẹ́ṣọ̀, láàárín àwọn méjèèjì sì ni dísìkì wà, èyí tí wọ́n fi ohun líle tó ń fara da ooru bò lójú méjèèjì, tí ihò àárín rẹ̀ sì ní eyín tó bá eyín ọ̀pá tó jáde láti inú àpótí jíà mu. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ pẹ́dà, sípíríngì pírẹ́ṣọ̀ ń fún dísìkì mọ́ fúláíwíìlì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń yí pọ̀ bí ẹyọ kan. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dà, irin kan tí wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀kì yóò ti rílíìsì bíárìn mọ́ àwọn ìka sípíríngì náà, pírẹ́ṣọ̀ yóò fà sẹ́yìn, dísìkì yóò sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn irin méjèèjì, tí ẹ́ńjìnì yóò fi máa yí láìyí táyà. Àlàfo tó ń ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísìkì nígbà yẹn kò tó mílímítà kan, ìdí sì nìyí tí àṣìṣe kékeré nínú títò rẹ̀ fi ń tó láti ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́.

Ọ̀nà méjì ni agbára ẹsẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ fọ́ọ̀kì. Nínú ọkọ̀ bíi Volkswagen tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ ní 1975, wáyà líle tí wọ́n ń pè ní kébù ló ń fà á. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ọkọ̀ òde òní, ọ́ìlì búrèkì ló ń gbé agbára náà: pẹ́dà ń ti sìlíńdà òkè, tí àwọn mẹkáníìkì Èkó ń pè ní ọ́pà, ọ́ìlì inú rẹ̀ sì ń gba páìpù lọ ti sìlíńdà ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní lówà, èyí tí ó ń ti fọ́ọ̀kì. Ọ́pà àti lówà wọ̀nyí wà lẹ́yìn òde àpótí jíà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n sì ṣeé pààrọ̀ láìsọ àpótí náà kalẹ̀, àyàfi nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi lówà àti bíárìn ṣe ẹyọ kan sínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí ti mọ ohun tó lè gba òun lọ́wọ́ owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì.

Àyẹ̀wò tó rọrùn jù, tí kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ni kí a pa ẹ́ńjìnì, kí a sì yí jíà láti ọ̀kan dé òmíràn. Bí gbogbo jíà bá ń wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, ṣùgbọ́n tí wọ́n le tàbí tí wọ́n ń han nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àpótí jíà kò jẹ̀bi. Kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú tán, tí dísìkì ṣì ń fara kan irin tó ń yí. Bí jíà bá ṣì le nígbà tí ẹ́ńjìnì ti kú, ẹ̀sùn náà kúrò lọ́rùn kílọ́ọ̀ṣì, ó di ti àwọn ọ̀pá tàbí wáyà tó so ọwọ́ jíà mọ́ àpótí rẹ̀, èyí tí mẹkáníìkì ní láti tú kí ó tó lè sọ àpótí náà kalẹ̀, tí kò sì ṣòro láti ṣì dá padà. Jíà ìfàsẹ́yìn ni ẹlẹ́rìí tó dára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò ní òrùka idẹ tó ń bá àwọn jíà yòókù mú ìyára irin méjì dọ́gba kí wọ́n tó wọnú ara wọn. Kí awakọ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, kí ó ka oókan dé ẹ̀wá, lẹ́yìn náà kí ó fi jíà sí ìfàsẹ́yìn. Bí irin bá han nígbà náà, ọ̀pá jíà kò tíì dúró, kílọ́ọ̀ṣì kò sì tú. Ó yani lẹ́nu pé àyẹ̀wò tí kò gba ìṣẹ́jú méjì yìí ni wọ́n sábà máa ń fò dá kí wọ́n tó tún sọ àpótí jíà kalẹ̀.

Bí ó bá ti hàn pé kílọ́ọ̀ṣì kò tú, ọ̀dọ̀ pẹ́dà ló kàn kí a lọ. Pẹ́dà tó rọ̀ bíi fùkẹ̀, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀ kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń le sí i tí jíà sì ń wọlé bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra ní kíákíá, ń sọ pé afẹ́fẹ́ wà nínú ọ́ìlì tàbí pé rọ́bà inú ọ́pà ti jẹ. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá wà, ibẹ̀ ni agbára ẹsẹ̀ ń parí sí dípò kí ó dé ọ̀dọ̀ fọ́ọ̀kì. Bí mẹkáníìkì bá tú páìpù ọ́ìlì láti lè gbé àpótí jíà kúrò, afẹ́fẹ́ ní láti wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ fà á jáde, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní bílíìdì, kí ó tó dá ọkọ̀ padà. Pẹ́dà tó ń lọ sílẹ̀ tí kì í padà wá sókè, tàbí ìkòkò ọ́ìlì tó ń dín kù láti ọjọ́ dé ọjọ́, ń tọ́ka sí ibi tó ń jò, ibẹ̀ sì rọrùn láti wá: kí a fọwọ́ kan ẹ̀yìn pẹ́dà nínú ọkọ̀ níbi tí ọ̀pá ọ́pà ti yọ, kí a sì ká rọ́bà tó bo ẹnu lówà sẹ́yìn díẹ̀ láti wò bóyá ó tutù. Ní ti ọkọ̀ tí wọ́n yí ìdarí rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì lẹ́yìn tó dé Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè tó ti kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì ọ̀nà láti oṣù kẹrin ọdún 1972, ó yẹ kí a fura sí páìpù náà lọ́tọ̀, nítorí pé wọ́n ní láti fà á gùn tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gba ọ̀nà tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ kò pète, afẹ́fẹ́ sì lè sá pamọ́ síbi tó bá ga jù nínú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Irú ọ́ìlì tí wọ́n bù sí i náà ṣe pàtàkì. Ọ́ìlì búrèkì tí wọ́n kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí lára ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò, ó sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gbani nímọ̀ràn pé kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì-méjì. Ẹni tó bá bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sínú ìkòkò náà nítorí pé òun ló wà nítòsí ti ba gbogbo rọ́bà inú ọ́pà àti lówà jẹ́; wọn yóò wú, pẹ́dà yóò sì kọ̀ láti padà. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì tuntun tó lè tún èyí ṣe.

Bí pẹ́dà bá le dáadáa, tí ọ́ìlì pé, tí kò sì sí ibi tó ń jò, ṣùgbọ́n tí kílọ́ọ̀ṣì kò tú láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti jáde nínú ọgbà mẹkáníìkì, àfi kí ọkàn lọ sí bí wọ́n ṣe tò ó. Dísìkì ní ojú méjì tí kò jọra: ojú tí àárín rẹ̀ yọ sókè, tí àwọn sípíríngì kéékèèké wà, sábà máa ń kọjú sí àpótí jíà, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí ara dísìkì pé ìhà fúláíwíìlì nìyí tàbí ìhà àpótí jíà nìyí. Bí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọ òdì, àárín tó yọ náà yóò máa lu bóòtù fúláíwíìlì, kò sì sí bí a ṣe lè tẹ pẹ́dà tó tí yóò fi tú. Àṣìṣe kejì kì í ti àìmọ̀ wá, àìtó ọwọ́ ló ń fà á: àpótí jíà wúwo, bí wọ́n bá sì jẹ́ kí ó fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ so rọ̀ mọ́ ọ̀pá tó wà nínú ihò dísìkì kí bóòtù tó wọlé, dísìkì yóò tẹ̀, yóò sì máa fi ibi tó tẹ̀ kan fúláíwíìlì títí ayé. Bóòtù pírẹ́ṣọ̀ pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dè wọ́n, láti apá kan sí apá tó dojú kọ ọ́, kì í ṣe pé kí a de ọ̀kan dé góńgó kí a tó mú ìkejì. Pírẹ́ṣọ̀ tí wọ́n dè lódì yóò wọ́, àwọn ìka sípíríngì rẹ̀ kò sì ní dọ́gba mọ́. Ẹ̀bi gbogbo ìwọ̀nyí kò sí lọ́rùn ẹni tó ta ọjà.

Ìdàkejì àìtú ni yíyọ̀, èyí tí àwọn awakọ̀ máa ń sọ pé ọkọ̀ ń hó ṣùgbọ́n kò lọ. A ń mọ̀ ọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun afárá, bíi ti Pen Cinema ní Agége tí wọ́n ṣí ní 2021, pẹ̀lú ẹrù nínú rẹ̀ àti jíà kẹta tàbí ìkẹrin: awakọ̀ tẹná, ariwo ẹ́ńjìnì ga, ṣùgbọ́n ìyára ọkọ̀ kò pọ̀ sí i, òórùn ohun tó ń jóná sì lè tẹ̀lé e. Àyẹ̀wò ojú kan wà tí ó gba ìṣọ́ra, tí kò sì yẹ kí a ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ gbalasa tí ẹnikẹ́ni kò dúró níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kí a fa búrèkì ọwọ́ kí ó mú dáadáa, kí a tún fi ẹsẹ̀ tẹ búrèkì, kí a fi jíà sí ìkẹrin, kí a sì máa jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó bá kú lójú ẹsẹ̀ ń jẹ́rìí pé kílọ́ọ̀ṣì mú. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó dì í mú ń jẹ́rìí pé ó ń yọ̀.

Kí ló lè mú kílọ́ọ̀ṣì tuntun yọ̀? Ọ́ìlì ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, níbi tí kíráńkì ti jáde wá bá fúláíwíìlì, ni rọ́bà tí wọ́n ń pè ní ọ́ìlì síìlì wà. Bí ó bá ń jò, ojú dísìkì ni ọ́ìlì rẹ̀ ń bá, dísìkì tí ọ́ìlì bá sì ti mu kò ṣeé fọ̀ mọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí ọwọ́ lè tó síìlì yìí ní ìrọ̀rùn ni ìgbà tí àpótí jíà wà nílẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí owó iṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbà, nítorí náà mẹkáníìkì tó bá rí i pé ó ń jò tí kò sọ fún oníbàárà ti ṣe iṣẹ́ àbọ̀. Gíríìsì tí wọ́n lẹ̀ jù sí eyín ọ̀pá jíà náà ń ta sára dísìkì, bẹ́ẹ̀ ni òróró tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń pa pírẹ́ṣọ̀ tuntun kí ó má baà dógùn-ún, tí ó yẹ kí wọ́n nù kúrò kí wọ́n tó dè é. Lẹ́yìn ọ́ìlì, ohun tó kàn ni àlàfo pẹ́dà. Níbẹ̀rẹ̀ ìrìn pẹ́dà, ó yẹ kí ìwọ̀nba ìrìn òfìfo wà kí bíárìn tó kan sípíríngì, nǹkan bíi mílímítà 10 sí 20 nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló lè sọ tirẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá fa kébù le jù tí àlàfo náà kò sí mọ́, ṣe ló dà bí ẹni pé awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀ dalẹ́. Irú yíyọ̀ yìí ṣeé tún ṣe pẹ̀lú sípánà kan péré, ìyẹn bí wọn kò bá jẹ́ kí dísìkì jóná kí wọ́n tó mọ̀.

Gbígbọ̀n jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n jìgìjìgì nígbà tó bá fẹ́ gbéra ní jíà kìn-ín-ní, tí ó sì ń lọ gérégéré lẹ́yìn náà, sábà máa ń ní fúláíwíìlì tí ojú rẹ̀ kò tẹ́jú. Ooru tó jó dísìkì àtijọ́ ti sun ojú irin náà níbì kan dé ibì kan, ó sì ti di aláwọ̀ búlúù. Bí wọ́n bá gbé dísìkì tuntun lé irú irin bẹ́ẹ̀ láì gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, kí ó fá a, dísìkì náà yóò máa mú, yóò sì máa yọ̀. Síbẹ̀ síìtì ẹ́ńjìnì, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, tí wọ́n máa ń tú kí àpótí jíà tó lè jáde, lè mú kí ọkọ̀ gbọ̀n lọ́nà kan náà bí ó bá ti ya tàbí tí bóòtù rẹ̀ kò le, ojú lásán sì lè rí èyí bí ẹnì kan bá ṣí bónẹ́ẹ̀tì tí ẹlòmíràn sì ń gbìyànjú láti gbé ọkọ̀.

Ariwo ní tirẹ̀ máa ń sọ ibi tó ti wá bí a bá gbọ́ ọ dáadáa. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà tí ó sì dákẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò jẹ́ ti rílíìsì bíárìn, tí ó bá sì jẹ́ pé mẹkáníìkì dá bíárìn àtijọ́ padà láti dín owó kù, ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Èyí tó ń dún nígbà tí ọkọ̀ dúró, tí jíà wà lófìfo, tí ẹsẹ̀ kò sì sí lórí pẹ́dà, ṣùgbọ́n tó dákẹ́ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, ti inú àpótí jíà ló ń wá, láti ara bíárìn tó gbé ọ̀pá rẹ̀. Bí irú ariwo yìí kò bá sí kí ọkọ̀ tó wọ ọgbà mẹkáníìkì, kí a yára wo ọ́ìlì inú àpótí jíà, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà, ọ́ìlì náà máa ń dà jáde nígbà tí wọ́n bá yọ ọ̀pá táyà, àwọn kan sì ti gbàgbé láti bù ú padà. Ọkọ̀ tó bá rìn báyìí kò ní pẹ́ ba àpótí jíà rẹ̀ jẹ́. Ohun mìíràn tí wọ́n máa ń gbàgbé ni wáyà nípọn tó so àpótí jíà tàbí ẹ́ńjìnì mọ́ ara ọkọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, iná bátìrì tí sítátà ń lò yóò wá ọ̀nà mìíràn padà, ó sì lè gba inú kébù kílọ́ọ̀ṣì, kí ó mú un gbóná, kí ó sì ba ike inú rẹ̀ jẹ́ títí pẹ́dà yóò fi le kankan. Kébù kejì tí wọ́n bá rà yóò tún bàjẹ́, gbogbo ènìyàn yóò sì máa bú ẹni tó ta kébù.

A kò lè fi gbogbo ẹ̀bi sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, tí àwọn mẹkáníìkì Ìkẹjà àti Agége ti ń ra ẹ̀yà ọkọ̀, ń ta tuntun, tòkunbọ̀ àti èyí tí wọ́n tún fi ojú tuntun bò, orúkọ bíi Valeo, LuK, Sachs, Aisin àti Exedy sì wà lára páálí tí kò ti ilé iṣẹ́ wọn jáde. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó dára jù kò sí lára páálí; ara ẹ̀yà náà ló wà. Kí wọ́n gbé dísìkì tuntun lé ti àtijọ́ kí fífẹ̀ wọn dọ́gba, kí wọ́n ka eyín ihò àárín, kí wọ́n tì í wọ ara ọ̀pá jíà kí ó lè máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ láìlo agbára, kí wọ́n sì rí i pé nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ bá ti ọkọ̀ mu. Dísìkì, pírẹ́ṣọ̀ àti bíárìn jọ ń gbó ni, ẹni tó bá ra dísìkì nìkan láti fi sábẹ́ pírẹ́ṣọ̀ tí sípíríngì rẹ̀ ti rẹ̀ ń tọrọ yíyọ̀ pẹ̀lú owó ara rẹ̀. Ní ti ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn kan ṣì máa ń kan awọ tuntun, ìyẹn ohun líle tó bo ojú dísìkì, mọ́ dísìkì àtijọ́; ó lè ṣiṣẹ́ bí ó bá jẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ló ṣe é, ṣùgbọ́n eruku irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ fẹ́ kúrò pẹ̀lú ẹnu tàbí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ, nítorí pé láyé àtijọ́ asbestos ni wọ́n fi ń ṣe awọ náà, ohun tí àjọ ìlera àgbáyé gbà pé ó ń fa jẹjẹrẹ, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti fòfin dè láti 1999. Aṣọ tó tutù ni kí wọ́n fi nù ún.

Awakọ̀ pẹ̀lú ní ìpín tirẹ̀. Dísìkì tuntun nílò àkókò kí ojú rẹ̀ tó bá ti irin mu, nǹkan bíi kìlómítà 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wíwà pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ elérò àti akẹ́rù ni kì í rí ọjọ́ kan ìsinmi bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Ẹni tó bá fi kílọ́ọ̀ṣì àti iná di ọkọ̀ mú lórí òkè dípò búrèkì, tàbí tó gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà láti Dópẹ̀mú dé Òṣòdì nínú gosílóò, tàbí tó kó ẹrù ju ìwọ̀n lọ, lè jó kílọ́ọ̀ṣì tó dára jù lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Irú èyí kì í fi ara pamọ́: ojú dísìkì yóò jó dọ́gba yíká, irin yóò di búlúù, ọ́ìlì kò sì ní sí lára rẹ̀. Dísìkì tí ọ́ìlì mu, tàbí èyí tó jẹ lápá kan ju apá kejì lọ, ń sọ ìtàn tó yàtọ̀, ìdí sì nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ́ kí wọ́n ju ẹ̀yà tí wọ́n yọ nù kí òun tó rí i.

Òfin wà lẹ́yìn oníbàárà bí ó bá ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé iṣẹ́ tí ẹni kan sanwó fún gbọ́dọ̀ péye dé ìwọ̀n tí oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti retí, pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè ní kí ẹni tó ṣe é tún un ṣe tàbí kí ó dá owó tó tọ́ padà, pé ẹni tó bá ń ta ohun àlòkù gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, àti pé kí wọ́n fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà. Ní Èkó, LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ náà tó wà fún ààbò oníbàárà, ń gbọ́ ẹ̀sùn irú èyí, ilé ẹjọ́ fún ẹ̀sùn owó kéékèèké tí ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2018 sì ń gba ẹjọ́ gbèsè tí iye rẹ̀ dájú, tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Àmọ́ níbi iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọ̀pọ̀ ìdúnàádúrà jẹ́ ti ẹnu lásán: mẹkáníìkì gba owó ọjà, ó lọ sí Ládípọ̀, ó gbé ẹ̀yà dé, kò sì sí rìsíìtì tó sọ ẹni tó tà á tàbí irú èyí tó jẹ́. Nígbà tí ìjà bá dé, ẹni tó tà á yóò ní wọ́n ti fi í sínú ọkọ̀, òun kò gbà á padà mọ́; mẹkáníìkì yóò ní ọwọ́ òun mọ́. Rìsíìtì tó ní orúkọ ọjà àti nọ́ńbà rẹ̀, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tí mẹkáníìkì kọ ohun tó pààrọ̀ àti iye ọjọ́ tí ó fi dúró fún iṣẹ́ rẹ̀ sí, ló ń sọ irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ di ohun tí ó ní òpin.

Bí kílọ́ọ̀ṣì tuntun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, kí ẹni tó ni ọkọ̀ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, bóyá nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù ni tàbí nígbà tó gbóná, àti ohun tí àwọn àyẹ̀wò òkè yìí sọ, kí ó sì gbé ọkọ̀ náà padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é kí kìlómítà tó pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí mẹkáníìkì kejì sọ àpótí jíà kalẹ̀ láìjẹ́ pé ti àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ tàbí pé ẹ ya àwòrán ohun gbogbo bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú u, kò sí ẹni tó tún lè fi hàn bí wọ́n ṣe tò ó tẹ́lẹ̀.